Tẹlifóònù Tí Ohùn Rẹ̀ Dé Ilẹ̀

Ẹ jókòó. Ìdọ̀bálẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ó dára kí ẹnì kan wà lórí ìjókòó.

Ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba ṣì ń wá àga tí wọn yóò jókòó lé, Olóyè Bámgbóyè ti rí tirẹ̀. Àga aláwọ ni, ó sì ń yí. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka Tí Ń Ṣe Àbójútó Pátákó Ojú Ọ̀nà. Bí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ ẹ̀ka náà rí, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pàápàá máa ń ronú díẹ̀ kí wọ́n tó rántí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Iṣẹ́ ẹ̀ka náà ni láti gbé pátákó nàró lẹ́bàá ọ̀nà, kí àlejò lè mọ ibi tó dé. Olóyè fi tọkàntọkàn ṣe é. Pátákó àkọ́kọ́ tó gbé nàró wà ní ẹnu ọ̀nà tó wọ Adó láti Ìkéré. Orúkọ ìlú wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. Orúkọ ẹni tó gbé pátákó nàró wà lókè, ní lẹ́tà gàgàrà. Àlejò tó bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ á kọ́kọ́ rò pé Bámgbóyè ni orúkọ ìlú tí òun wọ̀. Òmíràn á béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà pé, "Bámgbóyè dà báyìí, Adó ṣì jìnnà?"

Ṣùgbọ́n ọkàn Olóyè ti kúrò lára pátákó. Kọmíṣọ́nnà ló fẹ́ jẹ. Gómìnà fẹ́ yan kọmíṣọ́nnà tuntun kan, gbogbo ìlú ló mọ̀. Gbogbo ìlú tún mọ̀ pé Gómìnà kì í yan ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó bi Ọ̀gá Adéyẹyè léèrè. Ọ̀gá Adéyẹyè ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ń gbé ní Ajílósùn, ó ń rin oko rẹ̀, kò sì dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó bá mi orí sí, onítọ̀hún wọlé. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára rẹ̀, onítọ̀hún di ìgbà mìíràn.

Nítorí náà, Ọ̀gá Adéyẹyè máa ń pe Olóyè Bámgbóyè lórí tẹlifóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọn ọgbọ́n inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ bí àwa ṣe rí. Bí a bá gbọ́ ohùn àgbà lórí tẹlifóònù, ara wa kì í rọrùn. Àwọn kan á tẹrí ba fún ògiri. Àwọn kan á ṣí fìlà. Obìnrin á kúnlẹ̀ díẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ á máa hó. Olóyè Bámgbóyè ka gbogbo ìyẹn sí ìwà ọ̀lẹ. Òun máa ń dọ̀bálẹ̀ ni. Gbalaja. Àyà á kan ilẹ̀, àgbọ̀n á kan ilẹ̀, tẹlifóònù á wà lẹ́bàá etí.

Ó ní, "Ohùn ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó dúró. Àgbà tó bá gbọ́n máa ń mọ̀."

Kò parọ́. Ikùn Olóyè tóbi. Bí ilẹ̀ bá tì í sókè, ohùn rẹ̀ á máa jáde bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ nínú garawa.

Tẹlifóònù aláìlókùn ló ń lò, irú èyí tó jẹ́ méjì. Ọ̀kan ni àpótí tó so mọ́ wáyà, wọ́n ń pè é ní ìyá. Èkejì ni èyí tí a ń gbé kiri, wọ́n ń pè é ní ọmọ. Ìyá ń gbé nínú yàrá Olóyè, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí Olóyè bá gbé ọmọ wá sí pálọ̀, tó sì dúró, ohùn á wọlé díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bó bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, ògiri búlọ́ọ̀kù, kọ́bọ́ọ̀dù onírin, àti àwọn àga ńlá rẹ̀ á jọ dí ohùn lọ́nà. Yóò kàn gbọ́ gìrì-gìrì. Lẹ́yìn náà, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọ̀gá Adéyẹyè á máa pariwo ní Ajílósùn pé, "Hàló? Hàló? Ọkùnrin yìí tún ti sá lọ!"

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, ó pe Olóyè padà. "Bámgbóyè, ṣé o ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú ni?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, sà! Ọ̀gá mi, baba mi, òpó tó gbé..."

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ohùn tún já.

Nígbà tí Ọ̀gá Adéyẹyè pè lẹ́ẹ̀kan sí i, gbólóhùn kan ló sọ. "Bí o bá tún já ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, má wulẹ̀ retí ohun tí ò ń retí."

Olóyè kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyàwó rẹ̀, Monínúọlá, tíṣà ni. Ó gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ sórí itan, ó ń fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Ó gbójú sókè.

"Bàbá Dùnmínínú, ẹ gbé ìyá rẹ̀ wá sí pálọ̀."

"Kí ni?"

"Ìyá tẹlifóònù. Bó bá wà ní pálọ̀ níbí, ohùn kò ní já."

"Kí àlejò máa wá fọwọ́ ra ọlá mi? Kí ọmọ ẹlòmíràn máa fi bisikíìtì ra á?"

"Ó dáa. Ẹ máa jókòó bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọn kò rí yín."

Olóyè wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé ìyàwó òun fẹ́ ta ilé. "Wọn kò rí mi. Ọlọ́run ńkọ́?"

Monínúọlá padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìlà náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Olóyè pe gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka pátákó jọ. Ó bọ́ sórí àpótí kan kí wọ́n lè rí i.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Nígbà tí àwọn baba wa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ohùn ni! Kí ni ó ń já báyìí? Ohùn ni! Ìlú tí ohùn rẹ̀ ń já, ẹ sọ fún mi, báwo ni yóò ṣe ní ìlọsíwájú? Mo ti ronú. Mo ti gbàdúrà. Mo ti pinnu pé a ó ra tẹlifóònù mìíràn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan nu ojú rẹ̀ nù. Ọládayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, òun ni olùrànlọ́wọ́ Olóyè, ó sì máa ń sunkún bí Olóyè bá sín.

Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Lórí Ohùn Tí Kò Dé Ilẹ̀ ni wọ́n pè é. Ọládayọ̀ ni alága rẹ̀. Olóyè tún pa àṣẹ kan lé e: láti ọjọ́ náà lọ, bí tẹlifóònù ọ́fíìsì bá ti dún, ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Ẹ kò ṣì í kà. Tẹlifóònù ni wọn yóò kí. Kí wọ́n tó kí i tán, ẹni tó ń pè á ti lọ. Ẹnu ya àwọn ènìyàn ìta pé kò sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka pátákó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo wọn wà níbẹ̀, lórí orúnkún.

Ìgbìmọ̀ lọ sí Ọjà Ọba. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ṣèyítán, ó ń ta rédíò, tẹlifóònù, àti tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé ọ̀kan kékeré jáde fún wọn.

"Èyí dáa. Ẹ gbé ìyá rẹ̀ sáàárín ilé, ó parí."

Ọládayọ̀ wò ó tìkà tẹ̀gbin. "Ṣé ó dé ilẹ̀?"

"Ilẹ̀ ibo?"

"Ilẹ̀ yìí!" Ọládayọ̀ gba ọmọ tẹlifóònù, ó jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì na gbalaja sílẹ̀ láàárín ọjà. Ó gbé e sétí. "Ẹ máa sọ̀rọ̀ nínú ilé níbẹ̀ yẹn! Ẹ máa sọ̀rọ̀!"

Ìyá kan tó ń ta iyọ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rí ọkùnrin tó wọ kóòtù tó dọ̀bálẹ̀ síwájú igbá rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Áà! Dìde, ọmọ mi! Dìde, wàá dàgbà, wàá dogbó. Ọmọ ta nìyí?"

Ọládayọ̀ ń kígbe sí tẹlifóònù. "Mò ń gbọ́ yín! Mò ń gbọ́ yín dáadáa!"

"O gbọ́ mi? Dìde nígbà náà!"

"Ẹ tún un sọ!"

"Mo ní dìde! Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà dọ̀bálẹ̀ fún ọ." Ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ òde òní kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí. Àfi kó jẹ́ pé etí rẹ̀ wúwo díẹ̀."

Wọ́n gbé Ọládayọ̀ dìde. Ìyá oníyọ̀ fi iyọ̀ ta á lọ́rẹ.

Tẹlifóònù kékeré dé ilẹ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ ló gbọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Ọládayọ̀ bọ́ sára ọ̀kan tó wà lórí pẹpẹ lókè, tí eríàlì rẹ̀ gùn ju ọmọ odó méjì lọ.

Ó ní, "Ìyẹn ńkọ́?"

Ṣèyítán rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ìyẹn kì í ṣe ti inú ilé. Ẹni tó ní oko tó bẹ̀rẹ̀ níbí tó parí sí Ìyìn ni wọ́n ṣe é fún. Ohùn rẹ̀ le. Bí ẹ bá gbé e sórí òrùlé láàárín ìlú, mi ò mọ ibi tó máa gbà lọ o. Kékeré yìí tó."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé kékeré ló tó Olóyè mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Olóyè mi ló kéré?"

Ṣèyítán gbé àkàbà, ó gùn ún, ó gbé èyí tó gùn náà wá sílẹ̀. Oníṣòwò ni, kì í ṣe wòlíì.

Ọjọ́ tí wọ́n ri eríàlì mọ́ òrùlé Olóyè ní Òkè-Ìlá, àdúgbò rò pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìsìn tuntun ni. Olóyè wọ ẹ̀wù àlàárì jáde. Ó gé ríbọ́ọ̀nù. Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ wò. Ọládayọ̀ ń pè é láti ọ́fíìsì, Olóyè sì ń dọ̀bálẹ̀ kiri. Ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, ohùn mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ilé ìdáná, ohùn mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá kànga àti lẹ́yìn ilé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan dìde fún un.

Ó ní, "Ó dé ilẹ̀! Kò sí ilẹ̀ tí kò dé!"

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ òótọ́ tó ni télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òpópónà. Ó ń yí rédíò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wá orin. Ohùn kan bọ́ síta, ó mọ́ gaara.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀yin ni òpó ilé Èkìtì. Ẹ̀yin ni àjà. Ẹ̀yin ni páànù tí òjò ń rọ̀ lé tí a kò mọ̀. Bí ẹ bá wúkọ́, èmi ni àyà ń dùn..."

Télọ̀ náà rò pé eré ni. Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Eré náà tún bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, pẹ̀lú ẹni mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ Olóyè kan tí ń jẹ́ Adéyẹmí, tó ń gbé ní Ìkéré, ni ohùn náà ń bá sọ̀rọ̀.

"Adéyẹmí, mo ti kí òmùgọ̀ yẹn tán. Adéyẹyè! Irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń jẹ iyán, wàá rò pé ó ń dí ihò eku ni. Jẹ́ kí n wọlé ná. Kí n di kọmíṣọ́nnà. Pátákó àkọ́kọ́ tí mo máa gbé nàró, iwájú ilé rẹ̀ ni. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Òmùgọ̀ ń gbé níbí, ẹ má pariwo.'"

"Olóyè, ẹ rọra o," ni Adéyẹmí wí.

"Ta ló ń gbọ́ mi? Ará Òkè-Ìlá? Àwọn tí wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín tẹlifóònù àti ìdérí ìkòkò!"

Ibẹ̀ ni télọ̀ ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó mọ ohùn náà. Òun náà wà lára àwọn tí kò mọ ìdérí ìkòkò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ kò lè rí bátìrì rà ní Òkè-Ìlá mọ́. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn á gbé ìjókòó síta. Ọlọ́kadà á pa ẹ̀rọ. Àwọn tó ń lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, wọn á ní àwọn kàn ń sinmi ẹsẹ̀ ni. Bí Olóyè bá kọjá lọ láàárọ̀, wọn á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀ àná, sà." Olóyè á juwọ́ sí wọn. Ó rò pé ìkíni tuntun ni, ó sì ní kí Ọládayọ̀ kọ ọ́ sórí pátákó.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ta ni yóò sọ? Ẹni tó bá sọ, ó gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe gbọ́. Ẹni tó bá sì sọ bó ṣe gbọ́, eré ti tán nìyẹn, a ó sì máa wo ara wa lójú ní ìrọ̀lẹ́.

Ọládayọ̀ mọ̀. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, níbi tí Olóyè ti ń sọ fún Adéyẹmí pé orí Ọládayọ̀ ṣófo bí agbè, àti pé nítorí kó lè máa ró ni òun ṣe ń gbé e kiri. Ọládayọ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n òun ló yan tẹlifóònù náà. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ jábọ̀.

"Olóyè, ohùn yín ń dé ibi tí ohùn ọlọ́lá kankan kò dé rí ní ìlú yìí."

Òótọ́ ni. Olóyè fi ọwọ́ gbá a léjìká.

Monínúọlá ni kò lè mú un mọ́ra. Níléèwé ló ti gbọ́. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Títílọlá, fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá Dùnmínínú, ẹ má bínú o, ṣé lóòótọ́ ni bàbá ní òbúkọ ni Ọ̀gá Adéyẹyè?"

Nígbà tó délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ ọ́. "Bàbá Dùnmínínú, ohùn yín ń jáde nínú rédíò."

Olóyè tún jókòó dáadáa. "Mo ti ń retí pé wọ́n máa gbé mi sórí rédíò."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ń bá Adéyẹmí sọ ni. Eríàlì yẹn ló ń fọ́n ọn káàkiri. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ."

"Ìlara ni. Ẹni tí kò ní eríàlì, ọ̀rọ̀ á máa pọ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Ó tan rédíò fún un. Kò sí ẹni tó wà lórí tẹlifóònù nígbà náà, nítorí náà, ṣíì-ṣíì lásán ló ń ṣe. Olóyè fetí sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ohùn mi rèé? Ó ti tutù."

"Ẹ gbé tẹlifóònù, kí ẹ sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́. Gbólóhùn kan péré."

"Kí n máa bá rédíò sọ̀rọ̀ nínú ilé mi, bíi wèrè? Èmi, tí n óò di kọmíṣọ́nnà?"

Ó pa rédíò. Monínúọlá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀ Ọ̀gá láìdáa mọ́." Ó wọlé lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Ní Òkè-Ìlá yìí kan náà, ìyá àgbàlagbà kan wà, Màmá Adéfúnkẹ́. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ, ó ń lọ sí máàsì àárọ̀ lójoojúmọ́, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ìdí rédíò rẹ̀ ni ẹ ó ti bá a. Àbúrò ìyá Ọ̀gá Adéyẹyè ni. Ọ̀gá Adéyẹyè máa ń wá jẹ iyán lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ṣì lè pàṣẹ fún un pé kó fọwọ́.

Ó gbé iyán síwájú rẹ̀. "Jẹun, usu tuntun ni. Àmọ́ má sọ̀rọ̀. Eré mi fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Eré kí ni, Màmá?"

"Ọkùnrin kan ni, ó ń bú ọkùnrin kan. Ẹni tó ń bú yẹn, Adéyẹyè lorúkọ rẹ̀, bíi tìrẹ. Ó dùn jọjọ! Gbọ́ ọ."

Ọ̀gá Adéyẹyè gé òkèlè. Òkèlè náà kò dé ẹnu.

Rédíò ń sọ pé, "...Adéyẹmí, ṣé o rò pé òun ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ilẹ̀ ni mò ń kí! Ilẹ̀ ló gbọ́n jù ú lọ. Ilẹ̀ kò ní irùngbọ̀n òbúkọ..."

Màmá Adéfúnkẹ́ fọwọ́ lu itan. "Irùngbọ̀n òbúkọ! Adéyẹyè, fọwọ́ kan tìrẹ wò ná."

Ọ̀gá Adéyẹyè fọwọ́ kàn án. Ó ronú díẹ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó dìde.

"O ò jẹun!"

"Mò ń bọ̀, Màmá. Ẹ má pa rédíò."

Ilé ìpè tẹlifóònù kan wà ní ìkóríta, níbi tí ará àdúgbò ti ń sanwó pe ìlú mìíràn. Rédíò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èrò sì yí i ká. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tó wọlé, wọ́n yà fún un. Kò sí ẹni tó lè wò ó lójú. Wọ́n ń wo àgbọ̀n rẹ̀.

Ó pe nọ́ńbà. Rédíò gbé ohùn náà.

"Bámgbóyè."

"Ọ̀gá mi!" Gbì! Gbogbo Òkè-Ìlá gbọ́ bí ikùn ṣe kan ilẹ̀.

"Ṣé o ti dọ̀bálẹ̀?"

"Àyà mi wà nílẹ̀, sà."

"Àgbọ̀n ńkọ́?"

"Àgbọ̀n pẹ̀lú, sà. Bí ilẹ̀ bá ṣeé wọ̀, ǹ bá wọ̀ ọ́, sà."

"Ó dáa. Irùngbọ̀n mi ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

"Sà?"

"Mo ní irùngbọ̀n mi."

"Ó... ó kún fún ọgbọ́n, sà. Ó rí bíi ti àwọn baba ńlá wa."

"Kò rí bíi ti òbúkọ?"

Ní ìkóríta, ẹnì kan ki ẹ̀wù bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà já.

"Bámgbóyè, Òkè-Ìlá ni mo wà. Rédíò ni mo ti ń gbọ́ ọ. Èmi nìkan kọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, wọ́n ti ń gbọ́ ọ bọ̀ tipẹ́. Má dìde. Mò ń bọ̀ nílé rẹ."

Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí àṣà wa. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dá ara rẹ̀ gbé dìde. Àgbà ló ń sọ pé dìde. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n bí kò bá jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín, ilẹ̀ ni ibùjókòó rẹ. Olóyè Bámgbóyè kò dìde. Ọládayọ̀ wà lórí àga ní pálọ̀ náà, ó wá jábọ̀ ọ̀rọ̀ pátákó. Ó wo Olóyè nílẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì rántí pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ọ̀gá Adéyẹyè rọra ń rìn bọ̀. Èrò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n dúró lẹ́nu géètì. Monínúọlá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ìyàwó, ẹ kú ilé. Níbo ló wà?"

"Wọ́n wà nílẹ̀, sà."

Ó wọlé. Ó dúró lókè orí Olóyè. Olóyè kò gbójú sókè, bàtà Ọ̀gá nìkan ló ń rí.

"Ọ̀gá mi, iṣẹ́ èṣù ni. Tẹlifóònù yẹn ló..."

"Tẹlifóònù kò ní ẹnu." Ọ̀gá Adéyẹyè kò pariwo. "Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ dárúkọ rẹ fún Gómìnà. Mo ti pinnu rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìdọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ń dá etí mi lágara. Mo rí i pé o máa ń parí iṣẹ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé bí wọ́n bá fún ọ ní iṣẹ́ gidi, wàá parí ìyẹn náà." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Orúkọ rẹ kò ní jáde lẹ́nu mi mọ́. Níbikíbi."

Ó yí padà. Ó kí Monínúọlá. Ó jáde, ó gba ọ̀nà ilé Màmá Adéfúnkẹ́ lọ, kí iyán má baà tutù.

Kò sọ pé dìde.

Àwọn ará ìta dúró díẹ̀. Wọ́n ń retí bóyá ẹnì kan yóò sọ nǹkan, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálùkù padà sídìí rédíò rẹ̀.

Ní pálọ̀, Olóyè Bámgbóyè ṣì wà lórí ikùn rẹ̀. Ẹ̀wù àlàárì rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ẹyẹ tí ìkòkò bò mọ́lẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ," ni Monínúọlá wí.

"Ṣé wọ́n ní kí n dìde?"

"Rárá."

Olóyè gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì. Monínúọlá dúró, ó ń wò ó. Ó lè sọ pé, mo sọ fún yín. Gbogbo obìnrin Òkè-Ìlá ló ń retí kó sọ ọ́, nítorí ọmọ tẹlifóònù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Olóyè, ó ṣì ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó rántí pa á. Rédíò télọ̀ ń sọ̀rọ̀. Rédíò ìkóríta ń sọ̀rọ̀. Ti Màmá Adéfúnkẹ́ náà ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gá Adéyẹyè sì jókòó tì í, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé òkèlè.

Wọ́n gbọ́ ìró aṣọ bí obìnrin náà ṣe lóṣòó sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Dùnmínínú, ẹ dìde. Ilẹ̀ yìí tutù."

"Orúnkún mi ti kú."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lọ́rùn. Rọra. Ẹ rọra."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló ń mí, ọkùnrin tó ti rẹ̀ ni.

Télọ̀ na ọwọ́, ó pa rédíò rẹ̀. Wọ́n pa ti ìkóríta. Màmá Adéfúnkẹ́ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo rédíò, ó sì pa á pẹ̀lú.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe eré mọ́. Jẹun."